Ọkùnrin Tó Kó Àgbò Rẹ̀ Sá fún Abẹ́rẹ́ Ọ̀fẹ́

Ọkùnrin kan wà ní Ìdí-Àyìn, abúlé kan létí ààlà, níbi tí apá Gẹ̀ẹ́sì parí sí tí apá Faransé sì ti bẹ̀rẹ̀. Ààlà náà kì í ṣe odi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òkè. Odò kékeré kan ni, tí ọmọdé lè fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ lápá méjèèjì, wọ́n jọ ń fẹ́ ara wọn, wọ́n jọ ń sìnkú ara wọn. Owó tí wọ́n ń ná nìkan ló yàtọ̀. Àgbò ni ọkùnrin yìí ń sìn. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, yóò dà wọ́n lọ sí ọjà ààlà, ibẹ̀ ni yóò sì ti rí ohun tí ilé rẹ̀ yóò jẹ títí di ọdún mìíràn.

Kì í ṣe ènìyàn búburú o. Ìfura ló kàn pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí o fẹ́ yá. Bí wọ́n bá gbé omi fún un nílé àlejò, yóò kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó gbé e wá kó tó wo inú ife. Kò sì ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti wá sí Ìdí-Àyìn rí, wọ́n ní ìjọba ló rán àwọn wá gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. Wọ́n ri páìpù kan mọ́lẹ̀, wọ́n kó àwọn ọmọdé jọ sídìí rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Páìpù náà ṣì wà níbẹ̀. Alángbá ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fojú rí irú èyí, ta ni yóò bá a wí pé ó ń fura?

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin kan, Àwẹ̀ró. Ọmọ náà kò tíì lè gbé ọrùn dúró nígbà tí ìjì ṣí páànù orí yàrá wọn lọ. Wọ́n ta tapólì sí i. Bí òjò bá ti ń rọ̀, omi á máa kán sórí ibùsùn, ìyá á máa gbé ọmọ láti igun kan dé igun kejì, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò sàba sí. Ikọ́ wọ ọmọ náà láyà.

"Bàbá Àwẹ̀ró," ni ìyàwó ń wí, "òjò àkọ́rọ̀ nìyí o. Èyí tó lágbára ṣì ń bọ̀."

"Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀," ni ọkọ ń dá a lóhùn. "Bí mo bá ti ta àgbò, páànù ni màá kọ́kọ́ rà."

Nítorí náà, àgbò tó wà nínú ọgbà yẹn kì í ṣe àgbò lásán. Òrùlé ọmọ ni.

Àsìkò náà gan-an ni ìròyìn kan dé. Ìjọba apá méjèèjì ti fẹnu kò pé ọjà ààlà yóò di ọjà kan ṣoṣo. Ohun tí apá kan bá ti yẹ̀ wò tó sì dára, apá kejì kò ní dá a dúró mọ́, kò ní tún un yẹ̀ wò, kò sì ní gba nǹkan kan lórí rẹ̀. Kí èyí lè ṣeé ṣe, wọ́n dá owó jọ sínú àpò kan. Inú àpò náà ni wọn yóò ti ṣe òṣùwọ̀n tí gbogbo ọjà yóò máa lò. Inú rẹ̀ náà ni wọn yóò ti ṣe ibi tí ẹran yóò ti máa mu omi. Wọn yóò sì fi san owó abẹ́rẹ́ fún gbogbo ewúrẹ́ àti àgùntàn tó wà lápá méjèèjì, kí àrùn má baà bá ọjà wọlé. Ẹran tó bá ti gba abẹ́rẹ́, wọn yóò fi ike kékeré kan há a létí. Èyí tí kò bá ní ike létí kò ní wọ ọjà.

Dókítà ẹran, ọ̀dọ́bìnrin kan tó gun ọ̀kadà wá, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lábẹ́ àtíbàbà ọjà.

"Ọ̀fẹ́ ni," ó ní. "Ẹ kò ní san nǹkan kan."

"Ọ̀fẹ́ bíi ti báwo?" ni bàbá arúgbó kan bi í. "Ìjọba tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tọ̀ ní gáréèjì, òun náà ló fẹ́ gún àgùntàn mi lọ́fẹ̀ẹ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

"Bàbá, owó yín náà ni. Èyí tí ẹ̀ ń san lójoojúmọ́ kí ẹ tó pàtẹ, ó wà nínú àpò yẹn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gún un. Kí ẹ sì gún èmi náà mọ́ ọn, orúnkún ń dùn mí."

Ọkùnrin wa kò rẹ́rìn-ín. Àpótí ike ló tẹjú mọ́. Ó rí i pé nọ́ńbà wà lára ike kọ̀ọ̀kan, ọkàn rẹ̀ sì fò sókè. Kí ni ènìyàn ń fi nọ́ńbà ṣe lára ẹran tí kì í ṣe tirẹ̀? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un bí àwọn akódà ṣe máa ń wá ka orí ènìyàn láyé ijọ́un, tí àwọn àgbà ìlú tó ń wọ dàńdógó á máa sá wọ inú oko gbágùúdá. Ẹni tó ka ẹran rẹ lónìí, ọ̀la ni yóò padà wá sọ iye tí o jẹ ẹ́.

Ìbéèrè ń ho lẹ́nu rẹ̀. Ta ló di àpò náà mú? Kí ni nọ́ńbà wà fún? Ibi tí ẹran yóò ti máa mu omi dà, nígbà tí a kò tíì rí ẹni tó gbé búlọ́ọ̀kù kan wá? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó bá bèèrè ni wọn yóò dá mọ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó sì gba ilé lọ.

"Ṣé ẹ bi wọ́n?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí n bi wọ́n, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ti mọ̀?"

"Kí lẹ wá mọ̀?"

Ọkùnrin náà gbé èèpo iṣu, ó gba inú ọgbà lọ.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó ń wí tẹ̀lé e, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Gbogbo àdúgbò ló fẹ́ mú tiwọn jáde."

"Gbogbo àdúgbò náà ló dúró ya fọ́tò nídìí páìpù."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi da àwọn àgbò rẹ̀ kọjá odò, ó dà wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ sí apá Faransé. Àgbàsìn kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín wọn. Láti ayé àwọn bàbá wọn ni ará ìhín odò ti ń kó ẹran fún ará ọ̀hún bá wọn sìn, bó bá bímọ, wọ́n á pín in. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa rí àgùntàn nínú ọgbà kan tó máa bèèrè pé ta ló ni ín.

"Àbúrò mi! Kí ló gbé ọ dìde báyìí? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó mi ni kò tíì lè já koríko fún ẹran, nítorí ọmọ ọwọ́. Mo ní kí ẹ bá mi mú wọn sọ́dọ̀ fúngbà díẹ̀."

"Ìyẹn ò le. Ṣé wọ́n ti gún wọn?"

Irọ́ náà jáde kó tó mọ̀ pé ó ti yanu. "Wọ́n ti gún wọn."

"Ike etí wọn ńkọ́?"

"Mo yọ ọ́ ni. Ó ń yún wọn, wọn ò jẹ́ ká gbádùn. Tiyín ńkọ́?"

"Háà, wọ́n ti gún tiwa ná. Ike ló tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ń mú un bọ̀."

Ẹ kò rí nǹkan! Ọkùnrin tó máa ń wo ojú agbómi kó tó wo inú ife kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìbéèrè kejì. Ọmú kan náà ni wọ́n mu, ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èyí tó jù níbẹ̀ ni pé èrò kan ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn, èrò náà sì dùn mọ́ ọn bí iyọ̀. Bí tèmi bá wà láàárín àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́, ibo ni àrùn fẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ wọn? Wọn kò ní ka tèmi, wọn kò ní gún tèmi, síbẹ̀ ara wọn á le. Ní ti ike, kò sí ọjà tí kò ní ẹ̀yìnkùlé. Bí Iléyá bá dé, a ó mọ ibi tí a ó gbà wọlé. Ó dá rẹ́rìn-ín bó ṣe ń fo odò padà.

Nígbà tí dókítà ẹran dé Ìdí-Àyìn, ọgbà ṣófo.

"Mo ti tà wọ́n," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ kú oríire o," ni dókítà wí, ó sì gba ilé kejì lọ. Ìyàwó ọkùnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi òrí ra ọmọ láyà. Ó gbójú sókè wo tapólì.

Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ fo odò wá. Gbogbo ẹran ló dà síwájú, tirẹ̀ àti ti àbúrò.

"Ọkọ mi ń tún ọgbà mọ," ó ní. "Bá mi mú gbogbo wọn dání títí tí yóò fi parí."

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé yín kọ́ nìyí?"

Inú rẹ̀ tún dùn. Ẹran tó ti gba abẹ́rẹ́ ló tún ń wọlé wá bá tirẹ̀ yìí. Ó já koríko fún wọn, ó bu omi fún wọn nínú agbada kan náà.

Ó ku díẹ̀ kí ó di Iléyá, ọkùnrin náà jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ikọ́. Ó rò pé ọmọ ni. Ó bojú wo ibùsùn. Ọmọ ń sùn jẹ́ẹ́. Inú ọgbà ni ikọ́ náà ti ń wá. Nígbà tó débẹ̀, ó bá abo àgùntàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí imú rẹ̀ ń ṣàn, tí ojú rẹ̀ ń ṣepin, tí ìgbẹ́ gbuuru ti ba gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, àgbò rẹ̀ tó tóbi jù kọ èèpo iṣu. Èyí tó tẹ̀ lé e dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Inú bí ọkùnrin náà. Ìbínú tí ó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ páìpù ló gbé e dé ọjà. Ó bá dókítà ẹran lẹ́nu ọ̀nà ọjà, níbi tó ti ń wo etí ẹran tí wọ́n ń dà wọlé láti apá méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà níbẹ̀ tó ń ra ata.

"Omi ni wọ́n gún!" ni ọkùnrin náà pariwo. "Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ wá gbọ́ o! Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀! Wọ́n ti jẹ owó inú àpò náà tán, omi lásán ni wọ́n ń gún sára ẹran wa!"

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ọjà ṣe máa ń rí. Kí ó tó mí sí i, èrò ti pọ̀. Ẹnì kan ní òun náà ti wí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ti fa okùn àgbò rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó ní òun kò fẹ́ kó àrùn nínú ọjà ìjọba.

Dókítà wò ó dáadáa. "Bàbá, kì í ha ṣe ẹ̀yin lẹ ní ẹ ti ta tiyín?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe tèmi ni mò ń wí! Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ gún ti ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn ló sì ti ara tirẹ̀ bọ́ sára tèmi. Òun náà rèé. Ẹ bi í!"

Dókítà yíjú sí obìnrin náà. "Ìyá, ọjọ́ wo ni wọ́n gún tiyín?"

Ẹ̀gbọ́n ń tún ìborùn rẹ̀ tò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn!"

"Kí n sọ kí ni?" Ohùn obìnrin náà kéré. "Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa ni mo da tèmi wá bá ọ. Ọgbà rẹ ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà."

"Ẹ ní wọ́n ti gún wọn!"

"Ìwọ náà ní wọ́n ti gún tìrẹ! Mo sì rò pé bí tèmi bá ti wà láàárín tìrẹ, nǹkan kan kò ní ṣe é."

Ọmọ ìyá méjì ń wo ara wọn, kò sí ẹni tó lè bá ẹnì kejì wí. Bàbá arúgbó tí orúnkún ń dùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Olè méjì pàdé lókùnkùn," ó ní, "kálukú ń sá, ó rò pé mẹ́gáàdì ni ẹnì kejì."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà dé òdì kejì odò. Ẹni tó fa àgbò rẹ̀ sẹ́yìn tún rọra tì í síwájú, ike wà létí rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó wọlé.

Ti ọkùnrin yìí kò wọlé. Wọ́n ti ọgbà rẹ̀ pa, wọ́n ní ẹran kan kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ jáde títí àrùn yóò fi kúrò. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sin èyí tó kú. Iléyá kọjá. Ìwọ̀nba tó là á já ti rù, ta ni yóò fi irú wọn ṣe ọdún? Lẹ́yìn náà ni òjò tó lágbára dé, tapólì sì ya sí méjì. Ìyàwó rẹ̀ di ẹrù, ó pọn ọmọ, ó lọ sílé ìyá rẹ̀ níbi tí òrùlé kò ti jò. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. "Bí ẹ bá ti kan páànù, kí ẹ wá mú wa," ni gbogbo ohun tó sọ. Ikọ́ ọmọ náà rọlẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin náà dá wà nínú ilé, ó ń gbé ìkòkò sábẹ́ ibi tó ń jò.

Nígbà tí wọ́n tún pe ìpàdé ọjà, ó lọ. Ó dìde lójú gbogbo ènìyàn.

"Mo ti ṣe ohun ìtìjú," ó ní, "gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n màá bèèrè. Ta ló di àpò náà mú? Kí ni nọ́ńbà wà fún? Níbo ni ibi tí ẹran ti ń mu omi wà?"

Dókítà dáhùn ti nọ́ńbà. Ó ní bí ẹran kan bá ṣàìsàn lọ́jà, nọ́ńbà ni àwọn fi ń mọ ọgbà tó ti wá, kí àwọn lè tètè débẹ̀. Wọn kò fi gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù tó bà á látọjọ́ yìí kò nídìí.

Ṣùgbọ́n ti ibi omi, alága ọjà wo akọ̀wé, akọ̀wé wo ilẹ̀. Kò sí ibi omi kankan. Wọ́n ti sanwó rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe kan, agbaṣẹ́ṣe náà kò sì gbé yẹ̀pẹ̀ kan wá. Ariwo sọ. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, wọ́n ní ó kọ́ ọ tàbí kí ó dá owó náà padà. Wọ́n yan ènìyàn láti ìhín odò àti láti ọ̀hún pé kí wọ́n máa wo inú àpò náà. Kó tó di ẹ̀ẹ̀rùn, ẹran ti ń mu omi lọ́jà.

Bàbá arúgbó wo ọkùnrin náà tìyanu-tìyanu. "Irú ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu rẹ látọjọ́ yìí, o wá ń fi mu ẹ̀kọ?"

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, mi ò ní kí o má fura. Ayé tí a wà yìí, ẹni tí kò bá fura, wọn á ta ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dá jọ, ọwọ́ púpọ̀ ló ń kàn án, kì í sì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló mọ́. Ṣùgbọ́n wo ọkùnrin yìí. Nínú ohun tó fura sí, òótọ́ wà níbẹ̀, irọ́ náà sì wà níbẹ̀. Kò lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ títí ó fi la ẹnu. Ìfura tó gbé pamọ́ pa àgbò rẹ̀. Èyí tó gbé dìde sójú ìpàdé fún gbogbo ọjà ní omi.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ọ̀rọ̀ àpò tó kan gbogbo wa, yálà ti ọjà ni, ti ọ̀nà ni, tàbí ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbé wá fún ọmọ rẹ, má ṣe fi ọmọ pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, má sì ṣe da ẹran rẹ gba ẹ̀yìnkùlé. Jáde. Bèèrè ohun tó ń dùn ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá dá ọ lóhùn tó tọ́, ṣe tìrẹ. Bí wọn kò bá dá ọ lóhùn, tún bèèrè, kí o sì fa aládùúgbò rẹ dìde pẹ̀lú rẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe jókòó sílé kí o máa wí nínú ara rẹ pé àwọn yòókù á ṣe é, àǹfààní rẹ̀ á sì kàn mí. Ẹni tí ò ń sá lọ bá pé kó dáàbò bò ọ́, ó lè ti dìde nílé tirẹ̀, kó máa sá bọ̀ wá bá ìwọ.